Èwo Ló Yẹ Yín? Ìfiwéra Àwọn Lẹ́ǹsì Máàkírò Àfọwọ́yí fún Àwòrán Ohun Tíntìntín

Torí pé gbogbo ènìyàn ń yìn ín pé ó mú bí abẹ ni mo ṣe ra lẹ́ǹsì máàkírò mi àkọ́kọ́. Wọn ò parọ́, ó mú. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé kí lámilámi kan tó lè tóbi dáadáa nínú fọ́tò mi, mo ní láti sún mọ́ ọn débi pé òjìji orí mi á ti bo ewé tó bà lé. Lámilámi kì í sì í dúró de òjìji. Odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi ya ewé tí lámilámi ṣẹ̀ṣẹ̀ fò kúrò lórí rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́ǹsì wo ló mú jù. Nínú àwọn lẹ́ǹsì tí wọ́n dìídì ṣe fún máàkírò, ì báà jẹ́ ti àtijọ́, ì báà jẹ́ ti òde òní, èyí tí kò mú ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó bá ń wá èyí tó mú jù láàárín wọn ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ẹ̀tẹ̀ ibẹ̀ ni àyè: sẹ̀ǹtímítà mélòó ló máa kù láàárín ojú lẹ́ǹsì àti ohun tí ẹ ń yà nígbà tí ẹ bá fẹ́ tẹ bọ́tìnì?

Ẹnìkan á ní, kí ló tiẹ̀ dé tí a ṣì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ǹsì àfọwọ́yí, tí ọwọ́ ẹni ló ń yí òrùka fókọ́ọ̀sì rẹ̀, nígbà tí kámẹ́rà òde òní ti ń wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀? Ẹ wo ẹni tó ní lẹ́ǹsì olówó ńlá bẹ́ẹ̀ níbi tó ti ń ya ojú eṣinṣin. Lẹ́ǹsì á lọ síwájú, á padà sẹ́yìn, á tún lọ, kò ní mọ ibi tí yóò dúró. Kò ní pẹ́ tí yóò fi pa fókọ́ọ̀sì aládàáṣe náà. Á fi òrùka sójú kan, á wá máa rọra fi ara rẹ̀ lọ síwájú sẹ́yìn títí ojú eṣinṣin á fi dá ṣáká. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ la ṣe máa lò ó níkẹyìn, kí la wá ń sanwó mọ́tò inú rẹ̀ sí?

OHUN TÍ A Ó FI WỌ̀N WỌ́N

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ara wa yé lórí ìlọ́po. Tí lẹ́ǹsì bá dé 1:1, ohun tó gùn ní mìlímítà 10 lójú ayé yóò gùn ní mìlímítà 10 gẹ́lẹ́ lórí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń gba àwòrán sílẹ̀ nínú kámẹ́rà. 1:2 jẹ́ ìdajì ìyẹn. 2:1, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní 2x, jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ fúlù-fíréèmù fẹ̀ ní mìlímítà 36, nítorí náà ní 1:1, mìlímítà 36 ni gbogbo ohun tó lè wọ inú fọ́tò láti etí kan dé ìkejì. Labalábá ńlá kò tiẹ̀ lè gba ibẹ̀, 1:2 ló tọ́ sí i. Oyin tó gùn ní bíi mìlímítà 13 á gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta. Èèrà mìlímítà 5 kò ní gbà tó ìdá kan nínú méje, àfi tí ẹ bá gun 5x, níbi tí gbogbo fọ́tò kò ti fẹ̀ ju mìlímítà 7 àti díẹ̀ lọ. Ẹni tó ń lo sẹ́ńsọ̀ APS-C, tí ìbú tirẹ̀ jẹ́ bíi mìlímítà 23.5, jèrè díẹ̀ níbí, torí lẹ́ǹsì kan náà á mú kí kòkòrò kan náà kún fọ́tò rẹ̀ ju tẹlòmíràn lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ “Macro” tí wọ́n ń kọ sára lẹ́ǹsì súùmù. Púpọ̀ nínú wọn kò kọjá 1:4. Nikon ní tiwọn, “Micro” ni wọ́n ń kọ, lẹ́ǹsì máàkírò gidi sì ni wọ́n.

Lẹ́yìn ìlọ́po ló kan àyè tí mo ti sọ. Bí lẹ́ǹsì bá ṣe gùn tó ní mìlímítà fókọ́ọ̀sì (nọ́ńbà mm tí wọ́n kọ sí i lára), bẹ́ẹ̀ ni àyè ṣe máa ń pọ̀ tó ní ìlọ́po kan náà. Lẹ́ǹsì 55mm ní 1:1 á fi bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 sílẹ̀ fún yín, èyí tó jẹ́ 90mm sí 105mm á fi nǹkan bíi 10 sí 15 sílẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn kéré lórí ìwé. Lójú alántakùn tó ń fò, òun ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń wò ó àti ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ pàápàá nílò àyè náà, torí tí ojú lẹ́ǹsì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan olú tí ẹ ń yà, ibo ni ìmọ́lẹ̀ fẹ́ gbà wọlé?

Ìmọ́lẹ̀ ni ìkẹta. Bí ìlọ́po ṣe ń ga ni ìmọ́lẹ̀ ń dínkù, àyàfi níbi lẹ́ǹsì àlẹ̀mọ́wájú tí a óò dé láìpẹ́. Ìṣirò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì kò le: ẹ fi 1 kún ìlọ́po, kí ẹ fi ìyẹn sọ nọ́ńbà f di púpọ̀ (nọ́ńbà ihò ìmọ́lẹ̀ lẹ́ǹsì nìyẹn, bó bá ṣe ga tó ni ihò náà ṣe ń kéré tó). f/8 ní 1:1 á máa ṣe bíi f/16. f/2.8 ní 5x á máa ṣe bíi f/17. Ẹ̀wẹ̀, ibi tó máa dá ṣáká nínú fọ́tò kò ní jìn. Lórí fúlù-fíréèmù, f/8 ní 1:1 kò fún yín ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, f/2.8 ní 5x kò sì tó ìdá kan nínú ogún mìlímítà. Tí ẹ bá ní kí ẹ pa ihò ìmọ́lẹ̀ dé f/16 ní 5x láti fi wá jíjìn kún un, gbogbo fọ́tò á rọ̀ bí ẹni tó ti ojú fèrèsé olóòru wòta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é.

Ìkẹrin ni bóyá lẹ́ǹsì á bá kámẹ́rà yín mu. Orí àwọn tó ń lo kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú dára jù níbí. Láti ẹnu kámẹ́rà dé sẹ́ńsọ̀, Sony E kò ju mìlímítà 18 lọ, Nikon Z jẹ́ 16, Canon RF jẹ́ 20. Nikon F tàtijọ́ ń fẹ́ 46.5, M42, ẹnu onískúrù àtijọ́, ń fẹ́ bíi 45.5. Àyè tó ṣẹ́ kù yìí ni àdápítọ̀ ń gbà, ìdí nìyẹn tí lẹ́ǹsì àtijọ́ èyíkéyìí fi lè jókòó lórí wọn. Lórí DSLR, ìyẹn kámẹ́rà onídígí, kì í rọrùn bẹ́ẹ̀. Àwọn Nikon kéékèèké bíi D3000 àti D5000 pẹ̀lú àwọn àbúrò wọn kì í wọn ìmọ́lẹ̀ fún lẹ́ǹsì àtijọ́ tí kò ní ẹ̀rọ nínú. Ẹ ní láti fojú díwọ̀n rẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ kó tó dé ọwọ́ yín.

Ìkarùn-ún ni owó àti bó ṣe máa pẹ́ tó, mo sì máa sọ ọ́ bí a bá ṣe ń kan ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀NÀ KAN Ò WỌ ỌJÀ: OHUN TÍ Ẹ LÈ SO MỌ́ LẸ́ǸSÌ TÓ TI WÀ NÍLÉ

Páìpù ìfàgùn ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ fún yín. Òrùka oníhò lásán ni, kò ní gíláàsì kankan, àárín kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì ló ń wà. Ẹ pín gígùn páìpù sí mìlímítà fókọ́ọ̀sì lẹ́ǹsì, ẹ ti mọ ìlọ́po tó máa fi kún un: páìpù 50mm lẹ́yìn lẹ́ǹsì 50mm jẹ́ 1:1, ṣùgbọ́n páìpù kan náà lẹ́yìn lẹ́ǹsì 200mm kò ju 1:4 lọ. Ẹ rí i pé lẹ́ǹsì kúkúrú ló ń jàǹfààní jù, lẹ́ǹsì kúkúrú náà ló sì ń gba àyè lọ́wọ́ yín jù. Mo ní irú páìpù olówó pọ́ọ́kú kan tí ẹnu rẹ̀ ń mì pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Lẹ́ǹsì á tẹrí ba díẹ̀, apá òkè fọ́tò á dá ṣáká, ti ìsàlẹ̀ á rú. Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ra èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ irin, kí ẹ gbọ̀n ọ́n wò.

Dídojú lẹ́ǹsì délẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀nà aláìlówó. Òrùka kékeré kan ló ń so iwájú lẹ́ǹsì mọ́ kámẹ́rà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ á wá kọjú sí kòkòrò. Idán ibẹ̀ ni pé bí lẹ́ǹsì bá ṣe kúrú tó ni ìlọ́po rẹ̀ ṣe ń ga tó. 50mm á fún yín ní nǹkan tó sún mọ́ 1:1, 28mm á dé bíi 2x, lẹ́ǹsì tó lè má níye lórí mọ́ lójú ẹnikẹ́ni. Àyè tó máa kù yóò wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 4, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà láti orí lẹ́ǹsì kan sí òmíràn. Èyí tó ní òrùka ihò ìmọ́lẹ̀ lára ni kí ẹ lò. Lẹ́ǹsì Nikon G, tí kò ní òrùka yẹn, máa ń pa ihò rẹ̀ dé fínnífínní ní kété tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò lára kámẹ́rà, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan nínú òkùnkùn yẹn. Àbùkù tó kù ni pé gíláàsì ẹ̀yìn àti àwọn nǹkan irin tín-ín-rín ibẹ̀ ló wá wà níta fún iyanrìn àti ìrì.

Ẹ̀kẹta ni lẹ́ǹsì àlẹ̀mọ́wájú. Àwọn awẹ́ gíláàsì ẹyọ kan tó ń bá ara wọn rìn ní +1, +2, +4, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, àwọ̀ á máa ta sí etí fọ́tò yín. Raynox DCR-250 ni mo ní lọ́kàn. +8 ni agbára rẹ̀, ó máa ń gbá mú iwájú lẹ́ǹsì tí ẹnu fílítà rẹ̀ wà láàárín 52mm sí 67mm, bí ìdérí lẹ́ǹsì náà ló ṣe ń wọlé. Ìlọ́po tó ń fúnni ní í ṣe pẹ̀lú gígùn lẹ́ǹsì tí ẹ fi í lé lórí: lórí 100mm tí fókọ́ọ̀sì rẹ̀ wà ní ibi tó jìnnà jù, 0.8x ni, lórí 200mm, 1.6x. Àyè tí yóò kù jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 12, ì báà jẹ́ lórí lẹ́ǹsì wo. Kò sì gba ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ yín rárá. Ẹni tó bá ti ní lẹ́ǹsì gígùn nílé, òun ni mo máa ní kó kọ́kọ́ dán wò, kó tó gbọ́ ìyókù ohun tí mo fẹ́ sọ.

LẸ́ǸSÌ ÀTIJỌ́ 50MM SÍ 55MM

Láti 1955 tí Kilfitt ti gbé Makro-Kilar 40mm jáde ni àwọn oníkámẹ́rà onídígí ti ń rí lẹ́ǹsì tó ń lọ láti òkè ọ̀run dé ojú èèrà láìsí páìpù. Àwọn tó tẹ̀ lé e ṣì kún ọjà àlòkù títí di òní: Micro-Nikkor 55mm f/3.5 àti f/2.8, Olympus Zuiko 50mm f/3.5, Pentax Macro-Takumar 50mm f/4. Irin ni wọ́n fi kọ́ wọn. Wọ́n kéré, wọn ò wọ́n, òrùka fókọ́ọ̀sì wọn sì máa ń yí lọ́wọ́ bí ẹni ń yí ṣíbí nínú oyin.

Púpọ̀ wọn kì í kọjá 1:2 fúnra wọn. Micro-Nikkor 55mm f/2.8 ń fẹ́ páìpù PK-13 kó tó dé 1:1, àárín sẹ̀ǹtímítà 5 àti 6 tí mo sọ lókè sì ni yóò bá yín dé. Lẹ́ǹsì tó kó mi sínú wàhálà lámilámi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìtàn mi lé yín sá. Fún ohun tí kì í sá, olú, ìtànná, èèpo igi, òdòdó kéékèèké, ìrì lórí okùn alántakùn, mi ò rí èyí tó dùn ún lò tó wọn ní iye owó wọn.

Àìsàn tí 55mm f/2.8 yẹn ní ni gbogbo ènìyàn mọ̀: òróró máa ń jò sórí àwọn abẹ ihò ìmọ́lẹ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, wọn ò ní tètè pa mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ ra èyíkéyìí nínú àwọn lẹ́ǹsì àtijọ́, ẹ yí òrùka náà dé f/16, kí ẹ fi ìka ti irin kékeré tó wà lẹ́yìn, kí ẹ sì wò bóyá àwọn abẹ náà ń fò padà wéré. Lẹ́yìn náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì kọjá inú gíláàsì, kí ẹ wò ó ní ẹ̀gbẹ́. Èmi ò ṣe é nígbà kan, torí ẹni tó tà á fún mi ní gíláàsì rẹ̀ “mọ́ tónítóní”. Nígbà tí mo dé ilé tí mo tan iná sí i, fọ́ńgọ́ọ̀sì ti ta okùn wínníwínní sínú rẹ̀ láti etí dé àárín, ó lẹ́wà débi pé ó ṣe mí bíi kí n ya òun gan-an ní máàkírò.

LẸ́ǸSÌ ÀTIJỌ́ 90MM SÍ 105MM

Ẹ̀yin tó ń lépa ohun ẹlẹ́mìí, ibí ni kí ẹ jókòó sí. Tamron SP 90mm f/2.5 tó jáde ní 1979, Vivitar Series 1 90mm f/2.5, Micro-Nikkor 105mm f/4 àti f/2.8: 1:2 ni gbogbo wọn ń dé láìsí ìrànlọ́wọ́, páìpù tàbí àfikún tiwọn ló ń gbé wọn dé 1:1. Tamron ní ọgbọ́n kan tó ju tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ: ẹnu rẹ̀ ṣeé pààrọ̀. Adaptall-2 ni wọ́n ń pe ètò náà. Lẹ́ǹsì kan ṣoṣo, ẹ lè fi ẹnu Nikon sí i lónìí, kí ẹ fi ti Canon sí i lọ́la. Ẹni tí kò tíì mọ irú kámẹ́rà tó máa bá dàgbà, èyí ló yẹ ẹ́.

Nígbà tí mo kúrò lórí 55mm bọ́ sórí 90mm, fọ́tò mi kò mú sí i. Ohun tó yí padà ni pé nǹkan ń dúró dè mí. Mo ti lè kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ igi, kí n fi ìgbọ̀nwọ́ lé orúnkún, kí alántakùn tó ń fò náà yíjú sí mi kó máa wò mí. Ibi tí àwọn àgbà ti ní ẹni tó bá fara balẹ̀ ni yóò rí ìfun èèrà, mo rò pé wọ́n ti gbọ́ nípa 90mm.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, ó sì kan gbogbo lẹ́ǹsì tó wà nínú ìfiwéra yìí. Mo kọ́kọ́ máa ń yí òrùka dé ìlọ́po tí mo fẹ́, màá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mo fi ihò ìmọ́lẹ̀ sí f/8. Mo wọlé sínú ètò kámẹ́rà, mo gbà á láyè láti ya fọ́tò bí kò tilẹ̀ rí lẹ́ǹsì, torí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí kò ní dígí kì í gbà láti ṣiṣẹ́ bí wọn ò bá gbúròó ẹ̀rọ inú lẹ́ǹsì. Tí sẹ́ńsọ̀ bá jẹ́ irú èyí tó ń gbọ̀n láti fi dá ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ dúró, mo máa ń kọ 90 sí i, kó mọ ohun tó gbé sára. Lẹ́yìn èyí, ara mi ló kù: mo á rọra tẹ̀ síwájú títí àwọ̀ pupa tí kámẹ́rà fi ń sàmì sí ibi tó dá ṣáká á fi gun ojú kòkòrò náà, màá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mẹ́rin. Ọ̀kan á dára. Ìyókù á lọ sínú ìdọ̀tí.

Àbùkù rẹ̀ ni pé kò sí ìdádúró ìgbọ̀nrìrì nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, àti pé lórí DSLR tí ẹ ti pa ihò dé f/8 pẹ̀lú ọwọ́, ojú ìwòran á ṣókùnkùn. Lórí kámẹ́rà tí kò ní dígí, ìṣòro kejì yìí kò sí.

ÀWỌN TUNTUN TÓ Ń NÁNI NÍ OWÓ DÍẸ̀

Kò sí púpọ̀ láti sọ. TTArtisan 40mm f/2.8 àti 7Artisans 60mm f/2.8 wà fún àwọn kámẹ́rà APS-C tí kò ní dígí, Samyang 100mm f/2.8 sì wà fún fúlù-fíréèmù. Gbogbo wọn ń dé 1:1 láìní páìpù, tuntun ni wọ́n, kò sí fọ́ńgọ́ọ̀sì, ẹ sì lè dá wọn padà tí nǹkan bá ṣe wọ́n. Ìbéèrè àyè ló ṣì wà níbẹ̀: 40mm yẹn, mi ò ní gbé e súnmọ́ lámilámi. 60mm sàn. Ẹni tí kò fẹ́ wàhálà ọjà àlòkù, kó mú èyí tó gùn jù tí apá rẹ̀ ká.

ÀWỌN TÓ KỌJÁ 1:1

Venus Optics, tí wọ́n ń fi orúkọ Laowa tà á, ló sọ ìlọ́po 2x di ohun tí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè ní. 60mm f/2.8 wọn tó jáde ní 2015 ló ṣíwájú, ṣùgbọ́n 100mm f/2.8 2x ni mo máa ní kí ẹ wò. Ó ń lọ láti ibi tó jìnnà jù dé 2x lórí òrùka kan ṣoṣo, láìyọ nǹkan, láìfi nǹkan kún un. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ lè ya labalábá tó dúró lórí òdòdó, kí ẹ sì yí ọwọ́ díẹ̀, kí ẹ ya ojú rẹ̀ kó tó fò. Ó wúwo ju ti àtijọ́ lọ, owó rẹ̀ sì ga ju tiwọn lọ dáadáa. Tí owó bá wà, mi ò rí ìdí tí ẹ ò fi ní gbé e.

Ju 2x lọ, eré ti yàtọ̀. Canon MP-E 65mm f/2.8, tó jáde ní 1999, ń lọ láti 1x dé 5x. Kò lè ya ohunkóhun tó jìnnà, bí ẹ bá gbé e sókè sí òkè ńlá, kùrukùru lẹ máa rí. Àyè rẹ̀ jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 10 ní 1x, ó ń dínkù sí bíi 4 ní 5x. Kámẹ́rà ló ń fi iná mànàmáná ṣí ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, nítorí náà ti Canon ni tọkàntọkàn. Laowa 25mm f/2.8, tó dé ní 2018, ń bẹ̀rẹ̀ láti 2.5x dé 5x. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu, èyí ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ráyè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àyè rẹ̀ kò sì kúrò ní àárín sẹ̀ǹtímítà 4 sí 4.5. Ó dín owó ju MP-E lọ, kò sì so yín mọ́ irú kámẹ́rà kan.

Kí lèèyàn ń fi 5x ṣe? Ẹ mú ìyẹ́ labalábá. Ìyẹ̀fun tó ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ tí ẹ bá mú un, ìpẹ́ ni, wọ́n tò léra bí páànù òrùlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Lórí kámẹ́rà fúlù-fíréèmù mẹ́gàpíksẹ́lì 24, ìpẹ́ kan ní 1:1 kò gbà ju bíi píksẹ́lì 16 lọ, àmì lásán ni. Ní 5x, ó ti lé ní 80, ẹ ti ń rí etí rẹ̀ tó dà bí eyín ayùn. Ibi tí ẹ ti máa mọ̀ nìyẹn pé àwọ̀ búlúù tó ń tàn lára labalábá mìíràn kì í ṣe àwọ̀ aró. Bí ara ìpẹ́ náà ṣe rí ló ń fọ́ ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni springtail, àwọn kòkòrò kéékèèké tí wọ́n ń fò nínú ewé jíjẹrà, tí ọ̀pọ̀ wọn ò ju mìlímítà 1 tàbí 2 lọ: ní 1:1 wọ́n jẹ́ eruku, ní 4x wọ́n ní ojú, wọ́n sì dà bí ẹni tí wọ́n ń bú.

Ṣùgbọ́n ẹ má ra èyíkéyìí nínú méjèèjì bí lẹ́ǹsì àkọ́kọ́. Ní 5x, ìmí yín ń mi fọ́tò. Ẹ nílò fílàṣì tí ẹ fi nǹkan funfun bò kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè rọ̀. Fún ohun tí kì í mira, ẹ tún nílò ẹ̀rọ tó ń ti kámẹ́rà síwájú díẹ̀díẹ̀ àti kọ̀ǹpútà tó ń lo Helicon Focus tàbí Zerene Stacker láti da ọgọ́rùn-ún fọ́tò pọ̀ di ẹyọ kan. Lẹ́ǹsì gan-an lè jẹ́ ìdajì owó náà.

TA NI KÓ MÚ ÈWO

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ kan kí n tó pín wọn: tó bá jẹ́ pé oyin tó ń fò lójú afẹ́fẹ́ ni ẹ fẹ́, tàbí pé lẹ́ǹsì kan náà lẹ fẹ́ fi máa ya àwọn ọmọ tó ń sáré kiri, àfọwọ́yí kì í ṣe tiyín. Canon EF 100mm f/2.8L IS, tó jáde ní 2009, ní ìdádúró ìgbọ̀nrìrì tí wọ́n dìídì ṣe fún ìsúnmọ́ra, irú rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù. Owó rẹ̀ tọ́ sí iṣẹ́ yẹn.

Ẹni tó bá ń ya ohun tí kì í sá, tó fẹ́ lẹ́ǹsì kékeré tí yóò máa wà nínú àpò nígbà gbogbo, kó mú 50mm tàbí 55mm àtijọ́, kó má san ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n pọ̀ lọ́jà. Ẹni tó ti ní lẹ́ǹsì 100mm sókè, kó ra Raynox, kó fi ọdún kan ṣeré. Ẹni tó mọ̀ dájú pé kòkòrò àti alántakùn ni òun fẹ́, tí kò sì fẹ́ náwó púpọ̀, Tamron 90mm ni. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò fẹ́ ra lẹ́ǹsì méjì láyé rẹ̀, Laowa 100mm 2x. MP-E àti 25mm, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tó ti lo 2x títí tó ń bínú pé kò tó.

Ẹni tí kò sì tíì mọ̀ bóyá eré yìí á wu òun, kó wá lẹ́ǹsì 28mm àtijọ́ kan tó ní òrùka ihò ìmọ́lẹ̀, kó ra òrùka tí a fi ń dojú rẹ̀ délẹ̀, kó lọ kúnlẹ̀ sí ìdí ògiri tútù kan ní àárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí òtútù ṣì mú àwọn kòkòrò tí wọn ò lè tètè sá. Tó bá ti pé wákàtí kan níbẹ̀ tí kò rántí pé orúnkún ń dun òun, kó wá lọ ra 90mm.